Òfin Ìlera àti Àwọn Tí Apá Wọn Kò Ká A: Ọ̀rẹ̀ àti Odígbó Nígbà Àrùn Kòrónà

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú bébà yìí ni bí àwọn tí àrùn lè tètè ṣe lọ́ṣẹ́ ṣe pa òfin ìlera mọ́ ní Ọ̀rẹ̀ àti Odígbó nígbà àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà. Bí a bá sọ pé 'àwọn tí àrùn lè tètè ṣe lọ́ṣẹ́', arúgbó ni ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn ẹni, àti àwọn tí ìtọ̀ ṣúgà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá fínra tẹ́lẹ̀. A ó fi àwọn tí oúnjẹ òòjọ́ wọn wà lójú títì kún wọn, àti àwọn abirùn.

Ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020 ni àyẹ̀wò fi hàn pé àrùn náà ti wọ Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ni ti Ìpínlẹ̀ Oǹdó tẹ̀lé e. Láti ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ni ìjọba àpapọ̀ ti fi òfin de ìrìn-àjò láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn. Kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ láti aago mẹ́jọ alẹ́ títí di aago mẹ́fà àárọ̀, ìbomú sì di dandan ní ìta gbangba. Di ọjọ́ 1 oṣù keje ni ojú ọ̀nà tó ṣí.

Ẹni tí ó bá mọ Ọ̀rẹ̀ yóò mọ ohun tí òfin ìrìn-àjò yìí túmọ̀ sí níbẹ̀. Ojú ọ̀nà Ṣàgámù sí Ìbìní ni ìlú náà wà, ibẹ̀ sì ni àwọn èrò tí ń ti Èkó lọ sí ìlà-oòrùn ti máa ń sọ̀ kalẹ̀ jẹun. Èrò ọkọ̀ ni ọjà àwọn tí ń ru búrẹ́dì, omi tútù àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kiri. Òfin yọ̀ǹda fún ọkọ̀ akẹ́rù tí ó kó oúnjẹ. Nítorí náà èrò dín kù, ṣùgbọ́n àlejò kò tán: awakọ̀ akẹ́rù àti ọmọọṣẹ́ rẹ̀ ṣì ń dúró, wọ́n sì ti ọ̀nà jíjìn wá. Obìnrin tí kò ní owó ìpamọ́ ni yóò dúró tà á fún wọn. Ẹni tí ó ní lè jókòó sílé. Òfin kan náà ni ó dáàbò bo ẹnì kan tí ó sì ti ẹnì kejì sẹ́nu ewu. Ní ojú tiwa, a kò lè pe èyí ní oríkunkun.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ọwọ́ fífọ̀ rí. Ẹni tí ń ra omi ní garawa yóò kọ́kọ́ ro ti ìkòkò ọbẹ̀.

Ti àwọn àgbà ní ọ̀nà méjì. Ìkíni wa kò ní òfin lára púpọ̀, nítorí ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀ kò bèèrè pé kí a fọwọ́ kan ara (ọwọ́ bíbọ̀ ni àjèjì). Ìyàsọ́tọ̀ ni ó le. Bàbá àgbà tí ọmọ-ọmọ ń gbé omi ìwẹ̀ fún, tí wọ́n jọ ń sùn nínú yàrá kan, ta ni a ó yà á sọ́tọ̀ fún? Ọ̀rọ̀ náà pàápàá ní ìtàn. Ní ayé ilẹ̀ẹ́gbóná, a kì í pe orúkọ àrùn náà ní gbangba. Ẹni tí ó bá pa, àwọn aborìṣà Ṣọ̀pọ̀nná ni ó ń sin ín, wọn a sì kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìyàsọ́tọ̀ pẹ̀lú irú ìrántí bẹ́ẹ̀ yóò gbọ́ ìkọ̀sílẹ̀ nínú rẹ̀. A rò pé èyí wà lára ohun tí ń mú kí ènìyàn fi ikọ́ pamọ́.

Ti abirùn kò gba àlàyé púpọ̀: afọ́jú tí ń di èjìká ẹni mú rìn kò lè fi mítà méjì sí àárín, odi tí ń wo ètè kò sì rí nǹkan kan lára ìbomú.

Àwọn kan ń pè é ní àrùn olówó. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà, Gómìnà Rótìmí Akérédolú kéde pé òun ní in. Ní ọjọ́ 2 oṣù keje, Kọmíṣọ́nnà fún ètò ìlera, Dókítà Wahab Adégbénró, kú. Ọjọ́ tí ó wà láàárín méjèèjì ni ọ̀nà ṣí, tí èrò tún bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀ ní Ọ̀rẹ̀.

Ibà Lásà, tí Oǹdó wà lára ìpínlẹ̀ tí ó ti ń jà jù, ṣì wà nílẹ̀. Òfin tirẹ̀ ni kí a dé oúnjẹ kí eku má baà dé ibẹ̀. Ìdérí ni ìyẹn ń náni. Ti kòrónà náni ní ọjà ọjọ́ kan.