Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń lò: ìdí tí kò fi yẹ ká sọ wọ́n nù

Ní oṣù kìíní ọdún 2014, àwọn tó ń ṣe OpenBSD, ètò kan tó ń darí kọ̀ǹpútà, fi tó aráyé létí pé bí ìrànwọ́ kò bá dé, àwọn máa kógbá sílé. Owó iná ló dé bá wọn. Ilé Theo de Raadt, olórí wọn, ní ìlú Calgary lórílẹ̀-èdè Kánádà ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ wà, iná tí àwọn ẹ̀rọ yẹn sì ń jẹ lọ́dún tó nǹkan bí 20,000 dọ́là. Àwọn èèyàn gbọ́, wọ́n dáwó, iṣẹ́ kò sì dúró.

Ẹni tí kò bá tiẹ̀ gbọ́ orúkọ OpenBSD rí ń jẹ nínú èrè rẹ̀. Ọwọ́ wọn ni OpenSSH ti jáde lọ́dún 1999, òun sì ni àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà káàkiri ayé fi ń wọlé sórí ẹ̀rọ tó wà lọ́nà jíjìn, láìjẹ́ kí olè rí ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé wọn. Àmọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ owó iná yìí jáde, ìbéèrè kan gba ẹnu ọ̀pọ̀ èèyàn: kí ni wọ́n ń fi VAX, Alpha àti àwọn ẹ̀rọ SGI ṣe, nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ṣe wọ́n ti jáwọ́ nínú wọn tipẹ́? Ṣé kọ̀ǹpútà tuntun kan tó lágbára kò lè ṣe gbogbo rẹ̀ ni?

Kò lè ṣe é. Gbogbo sọ́fítíwíà ló kọ́kọ́ jẹ́ kóòdù, ọ̀rọ̀ tí èèyàn lè kà. Ètò tí wọ́n ń pè ní kọ̀ǹpáílà ló ń sọ kóòdù náà di èdè tí próṣẹ́sọ̀ gbọ́, próṣẹ́sọ̀ sì ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Èdè tí Intel gbọ́ yàtọ̀ sí ti SPARC, ti IBM POWER tún yàtọ̀ sí ti àwọn méjèèjì. Kóòdù kan lè ṣiṣẹ́ dáadáa lórí Intel fún ọdún mẹ́wàá kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ pé àṣìṣe wà nínú rẹ̀, àfìgbà tí wọ́n bá gbé e dé orí ẹ̀rọ mìíràn.

Ẹ wo nọ́ńbà 1. Bí Intel bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀ sínú báìtì mẹ́rin, yóò kọ ọ́ báyìí: 1, 0, 0, 0. SPARC yóò kọ ọ́ báyìí: 0, 0, 0, 1. Bẹ́ẹ̀ náà ni Motorola 68000, tó wà nínú Amiga àti Macintosh àkọ́kọ́. Bí ẹni tó kọ ètò kò bá rántí ìyàtọ̀ yìí, 1 tí Intel fi ránṣẹ́ yóò di 16,777,216 tó bá dé orí SPARC. Ká ní iye owó ni ńkọ́? SPARC tún ní àṣà mìíràn: bí nọ́ńbà báìtì mẹ́rin kò bá bẹ̀rẹ̀ ní àdírẹ́ẹ̀sì tó ṣeé pín sí mẹ́rin, yóò kọ̀ jálẹ̀, yóò sì dá ètò náà dúró lójú ẹsẹ̀. Intel yóò gbà á, yóò máa bá tirẹ̀ lọ. Ìkọ̀jálẹ̀ SPARC yẹn ti tú àṣírí àìmọye àṣìṣe.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni orí kọ̀ǹpútà tí próṣẹ́sọ̀ rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, bíi AlphaServer ES40 tó jáde lọ́dún 1999, tó lè gba próṣẹ́sọ̀ mẹ́rin. Ká ní ìyá kan bu oúnjẹ sínú abọ́, ó wá ké sí ọmọ rẹ̀ pé oúnjẹ ti délẹ̀ o. Ọmọ sáré dé, ó ṣí abọ́, abọ́ ṣófo. Ìyá kò parọ́, kó tó pe ọmọ ló ti bu oúnjẹ. Ìpè ló kàn yára dé ọ̀dọ̀ ọmọ ju oúnjẹ lọ. Ohun tó lè ṣẹlẹ̀ láàárín próṣẹ́sọ̀ méjì nìyẹn. Ọ̀kan yóò kọ dátà sínú mẹ́mórì, yóò sì gbé àmì sókè pé òun ti parí. Èkejì yóò rí àmì náà, síbẹ̀ dátà àtẹ̀yìnwá ni yóò bá níbẹ̀. Ohun tó fà á ni pé wọ́n pín mẹ́mórì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irúfẹ́ próṣẹ́sọ̀ Alpha kan sí apá méjì: bí ọwọ́ apá kan bá dí, ìròyìn tirẹ̀ yóò pẹ́ ju ti èkejì lọ.

Nínú gbogbo próṣẹ́sọ̀ tí Linux, ètò mìíràn tó ń darí kọ̀ǹpútà, ti gbé orí rẹ̀, Alpha ló ń da bí ìròyìn ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn rú jù. Òun ni àwọn tó ń ṣe Linux wò nígbà tí wọ́n ń ṣòfin bí próṣẹ́sọ̀ ṣe gbọ́dọ̀ máa dúró de ara wọn. Intel kì í fi bẹ́ẹ̀ dà á rú, nítorí náà àṣìṣe lè sùn sínú kóòdù rẹ̀ pẹ́ títí. Ṣùgbọ́n ARM tó wà nínú fóònù ọwọ́ wa ń dà á rú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tó ti Alpha. Kóòdù tó bá ti là á já lórí Alpha ọlọ́pọlọ mẹ́rin, ọkàn èèyàn á balẹ̀ sí i bó bá dé orí fóònù. Lójú tèmi, iṣẹ́ tó níyì jù tí àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ yìí ń ṣe fún wa nìyí.

Àwọn kan á ní QEMU ńkọ́, ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ìgbàlódé máa ṣe bíi SPARC tàbí Alpha. Ó wúlò gan-an, yóò sì mú àṣìṣe nọ́ńbà yẹn jáde. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ Intel ló wà nísàlẹ̀, ìlànà Intel ni mẹ́mórì ń tẹ̀ lé. Àṣìṣe próṣẹ́sọ̀ méjì yẹn lè má yọjú láé.

Ojúlówó ẹ̀rọ ló kù, kò sì sí lọ́wọ́ gbogbo èèyàn. Linus Torvalds tó dá Linux sílẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ní Alpha. Lọ́dún 1994, Jon Hall, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Digital tó ṣe Alpha, ló bá a ṣètò bí wọ́n ṣe yá a ní ọ̀kan, iṣẹ́ tó sì ṣe lórí rẹ̀ wà lára ohun tó sọ Linux di ètò tó lè gbé orí oríṣiríṣi ẹ̀rọ. Torvalds ti lórúkọ nígbà náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ńkọ́? SourceForge ní ọgbà ẹ̀rọ kan tó wà fún irú wọn. Wọ́n tì í lọ́dún 2007. Hewlett-Packard, tí Alpha bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀, ní ètò Test Drive. Òun náà kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dún 2008.

Èyí tó dúró ni GCC Compile Farm, tí wọ́n ń pè ní cfarm báyìí. Laurent Guerby, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 2005 pẹ̀lú àwọn ẹ̀rọ Dell tí wọ́n fi ta á lọ́rẹ, tí Pentium III méjì-méjì wà nínú wọn. Ẹ̀rọ wọn kò sí lójú kan. Ẹgbẹ́ tetaneutral.net ní Toulouse gba díẹ̀ sọ́dọ̀, Oregon State University ní Amẹ́ríkà gba òmíràn. Oregon yìí ni IBM POWER7 kan wà fún ọ̀pọ̀ ọdún: kọ́ọ̀ 16, ìyẹn apá próṣẹ́sọ̀ tó lè dá ṣiṣẹ́, ló ní, ó sì lè máa bá iṣẹ́ 64 lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí wọ́n bá fún láyè yóò fi SSH wọlé láti ibikíbi, yóò kó kóòdù rẹ̀ sórí ẹ̀rọ, yóò sì pín ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì fún àwọn kọ́ọ̀ náà kí wọ́n jọ ṣe é. Kò yẹ kí ẹnì kan gba gbogbo kọ́ọ̀ mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́, torí ẹ̀rọ àjọni ni.

Ní ti Debian, ọ̀kan lára àwọn ètò tí wọ́n gbé ka orí Linux, àwọn olùyọ̀ǹda tó ń fi Amiga àti Macintosh àtijọ́ ṣiṣẹ́ rí i pé ẹ̀rọ kan ṣoṣo kò lè ká iṣẹ́ sísọ gbogbo kóòdù rẹ̀ di èdè ẹ̀rọ. Roman Hodek wá kọ ètò kan tó ń tò iṣẹ́ sórí ìlà, tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sì ń mú tirẹ̀ níbẹ̀. Debian yọ ìdílé 68000 kúrò lára àwọn ẹ̀rọ tó ń tì lẹ́yìn lọ́dún 2007, torí pé ó lọ́ra, àmọ́ gbogbo Debian ló ń jàǹfààní ètò tí wọ́n kọ fún un.

Ẹ̀rọ tí kò bá ní olùtọ́jú mọ́ yóò kúrò nílẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, Linux 6.7 jáde láìsí ìtìlẹ́yìn fún próṣẹ́sọ̀ Itanium nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Ifẹ̀, Ìbàdàn àti Èkó, ọ̀fẹ́ ni àkáǹtì cfarm. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé kí ẹ máa ṣiṣẹ́ lórí sọ́fítíwíà tí gbogbo èèyàn lómìnira láti lò àti láti tún ṣe. Ẹ kọ̀wé sí wọn, kí ẹ sì dán ètò yín wò lórí SPARC àti POWER kí ẹ tó fi lé aráyé lọ́wọ́.