Ẹ Dúró Nílẹ̀ Gé Ẹ̀ka Igi

Ẹ̀yin àgbẹ̀ ilẹ̀ Kétu, nígbà tí a bá ká kajú tán, àkókò tó láti gé ẹ̀ka tó ti kú. Báwo ni ẹ ṣe ń gé e? Ọ̀pọ̀ wa a mú àdá, a gun igi. Ẹsẹ̀ a yọ̀, tàbí ẹ̀ka a dá. Ẹni tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ bá ṣẹ́ lè má rìn mọ́.

Ní Pobẹ̀, níbi tí ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà láti ọdún 1922, bí ọ̀pẹ bá ga, dòjé orí ọ̀pá gígùn ni wọ́n fi ń gé ẹyìn. Ẹ̀yin náà lè so ayùn mọ́ ọparun.

Ẹ yan ayùn tó tẹ̀ bí dòjé, tí eyín rẹ̀ kọjú sí yín, kí ó lè gé nígbà tí ẹ bá fà á. Ọparun gbígbẹ ni ó dára; tútù wúwo, apá yóò tètè ro yín. Kí alágbẹ̀dẹ fi irin dè é ní ojú méjì. Okùn a máa tú.

Ẹ má dúró sí abẹ́ ẹ̀ka tí ẹ ń gé. Ẹgbẹ́ kan ni kí ẹ wà, kí àwọn ọmọdé sì jìnnà. Bí ẹ̀ka bá tóbi, ẹ gé e díẹ̀díẹ̀ láti ṣóńṣó rẹ̀ wá. Ẹ kọ́kọ́ rẹ́ abẹ́ rẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tó gé òkè. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò bó èèpo igi lọ, kòkòrò yóò sì gba ojú egbò náà wọlé.

Bí wáyà iná bá wà nítòsí, ẹ má gbé ọ̀pá débẹ̀ rárá. Ọparun lè gbé iná wá bá yín lọ́wọ́. Ẹ ránṣẹ́ sí SBEE, àwọn tó ni wáyà.