Ìràwọ̀ Bọ́mà: Àmì Ogun Tí A Kò Kọ Orúkọ Sí

Láyé ìgbà tí ogun ń ja ilẹ̀ Yorùbá, tí Ìbàdàn, mèsì ọ̀gọ̀ nílé Olúyọ̀lé, ń rán Balógun rẹ̀ jáde síwá sẹ́yìn, kì í ṣe irin ni wọ́n fi ń yẹ́ jagunjagun tó bá mókè sí. Oyè ni wọ́n fi ń dá a lọ́lá, onílù a sì máa kì í, a máa so orúkọ rẹ̀ mọ́ ti baba rẹ̀ àti mọ́ ti ìlú tó ti lọ jagun, tó fi jẹ́ pé ọmọ tí a kò tí ì bí lọ́jọ́ ogun náà yóò dàgbà mọ ẹni tó lọ, ibi tó lọ, àti ohun tí ojú rẹ̀ rí níbẹ̀. Ọ̀nà mìíràn ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń gbà ṣe tiwọn: wọn a rọ irin, wọn a fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ so ó rọ̀, wọn a sì fi kọ́ ológun láyà. Ọ̀kan nínú irú irin bẹ́ẹ̀ wọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ní ilẹ̀ wa lẹ́yìn Ogun Hitler, ó sì wà nínú àpótí àwọn mìíràn títí di òní, lábẹ́ aṣọ òkè àti ìwé ilẹ̀. Ìràwọ̀ Bọ́mà ni wọ́n ń pè é.

Kí òǹkàwé má baà ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́, oríṣi méjì ni mẹ́dà tí ológun ń gbà lójú ogun. Èkíní ni ti akin, ẹni tó ṣe ohun kan tí ẹlòmíràn kò lè ṣe, tí ọ̀gá rẹ̀ rí i tó sì kọ̀wé nípa rẹ̀. Èkejì, tí Ìràwọ̀ Bọ́mà jẹ́ ọ̀kan nínú rẹ̀, kò béèrè ìwà akin lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń béèrè ni pé, níbo lo wà, ní ọjọ́ wo, iṣẹ́ wo lo sì ń ṣe níbẹ̀? Bí ìdáhùn rẹ bá bá òfin mu, tìrẹ ni, ìbáà ṣe ọ̀gágun ni ọ́ tàbí aláàárù.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1945 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá a sílẹ̀, ó jẹ́ ọ̀kan nínú ìràwọ̀ mẹ́jọ, tí ọ̀pọ̀ wọn wà fún apá ibi tí ogun ti jà: ọ̀kan fún òkun Àtìláńtíìkì, ọ̀kan fún Áfíríkà, ọ̀kan fún Ítálì, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n jọ ara wọn bí ìbejì. Àdàlú bàbà àti síńkì ni wọ́n fi rọ ọ́, irú èyí tí àwa ń pè ní idẹ. Igun mẹ́fà ló ní, gíga rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 44, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ 38. Ní àárín rẹ̀ ni àmì orúkọ Ọba George Kẹfà wà, adé wà lókè àmì náà, a sì kọ orúkọ ìràwọ̀ yí i ká. Ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, kò sí ohunkóhun níbẹ̀.

Rìbọ́ọ̀nù rẹ̀ ló fi í hàn yàtọ̀ láàrin àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ní Ọba fúnra rẹ̀ ló yan àwọ̀ rẹ̀. Àárín rẹ̀ pupa, èyí tó dúró fún àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì dúdú bí aró tó rẹ ẹtù. Ilà tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ ọsàn sì la àárín aró kọ̀ọ̀kan já, èyí tó dúró fún oòrùn. Ẹni tó bá mọ ẹtù dáadáa kò ní ṣàì fẹ́ràn rẹ̀.

Òfin gbígbà rẹ̀ le ju bí ènìyàn ṣe lè rò lọ. Láti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1941 títí di ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án ọdún 1945 ni wọ́n là sílẹ̀. Ológun orí ilẹ̀ tó bá wọ Bọ́mà lẹ́nu iṣẹ́ ogun láàrin àkókò yìí ti gbà á, ì báà ṣe ọjọ́ kan péré ló lò. Ẹni tó wà ní àwọn apá kan ní Bengal àti Assam ní Íńdíà, ní àwọn oṣù tí wọ́n yàn, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ òfuurufú nílò ìjáde ogun ẹ̀ẹ̀kan, ṣùgbọ́n àwọn ti ojú omi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́ ogun. Ẹni tí ìràwọ̀ ti Pacific tún tọ́ sí kò gbọdọ̀ so méjèèjì mọ́ àyà. Ọ̀kan ni yóò gbà, wọn yóò sì fi ọ̀pá irin kékeré tí a kọ orúkọ èkejì sí há rìbọ́ọ̀nù rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó lo gbogbo ogun náà ní àgọ́ Kàdúná, bó ti wù kó ṣiṣẹ́ kára tó, kò lè fi ọwọ́ kàn án.

Báwo wá ni irin yìí ṣe dé ọ̀dọ̀ wa? Dífíṣọ̀n méjì ni Gẹ̀ẹ́sì kó jọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ọdún 1943, ìyẹn 81 àti 82, láti Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia, wọ́n sì kó wọn gba orí òkun lọ sí Íńdíà láti lọ dojú kọ àwọn ará Jàpáànì ní Bọ́mà. Àmì tí Dífíṣọ̀n 81 rán mọ́ apá aṣọ ni aláǹtakùn, Ànáńsì ọlọ́gbọ́n inú àlọ́ àwọn Aṣante, tí í ṣe ẹgbẹ́ Ìjàpá tiwa; ti Dífíṣọ̀n 82 ni ọ̀kọ̀ méjì tó gba inú òṣùká aláàárù kọjá. Mo ti máa ń rò ó pé nínú gbogbo àmì ogun náà, òṣùká yìí ló sọ òtítọ́ jù lọ, nítorí orí ènìyàn ni ẹrù ogun gùn nínú igbó Arakan ní Bọ́mà, níbi tí mọ́tò kò lè dé, tí ọkọ̀ òfuurufú sì ń ju oúnjẹ àti ọta sílẹ̀ láti òkè. Kí ogun tó le, Dífíṣọ̀n 81 ti fi ṣọ́bìrì àti agbára ọwọ́ la ọ̀nà máìlì 75 gba orí òkè wọ àfonífojì odò Kaladan, nígbà tí ọdún 1944 ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ní ìparí oṣù kìíní ọdún 1945 ni ìlú Myohaung, tí í ṣe olú-ìlú àwọn ọba Arakan láyé àtijọ́, bọ́ sí wọn lọ́wọ́.

Nínú àwọn tó wà lẹ́bàá odò Kaladan yẹn ni Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùrè-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, tó wọ iṣẹ́ ológun ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tí wọ́n sì fi ṣe olùtọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹta ọdún 1944 ni àwọn ará Jàpáànì ba dè wọ́n, ìbọn sì fọ́ ọ ní ẹsẹ̀. Oṣù mẹ́sàn-án ni òun àti sájẹ́ǹtì kan láti Sierra Leone, David Kargbo, fi sá pamọ́ sẹ́yìn àwọn ọ̀tá, tí ará abúlé kan tó jẹ́ Mùsùlùmí, Shuyiman, ń bọ́ wọn tó sì ń fi wọ́n pamọ́, títí ogun Gẹ̀ẹ́sì fi padà dé ní oṣù kejìlá. Ó yá, kí ni ìràwọ̀ sọ nípa èyí? Kò sọ nǹkan kan. Ẹni tó sùn nínú igbó fún oṣù mẹ́sàn-án àti ẹni tó lo ọjọ́ kan péré, ìràwọ̀ kan náà ni. Fadoyebo fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtàn rẹ̀ kó tó kú ní ọdún 2012, ìwé yẹn la sì fi mọ̀ ọ́n.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí nìyí. Àwọn mẹ́dà tí Gẹ̀ẹ́sì fúnni ṣáájú, orúkọ ológun wà létí rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn Ogun Hitler, wọ́n pinnu pé àwọn kì yóò kọ orúkọ sí i mọ́. Íńdíà àti South Africa kọ̀, wọ́n tẹ orúkọ ọmọ wọn sẹ́yìn ìràwọ̀. Àwọn ológun Australia pariwo títí ìjọba wọn fi ṣe bákan náà. Àwa kò ní ìjọba tiwa nígbà náà tí ì bá pariwo fún wa. Ní Taukkyan, lẹ́bàá ìlú Yangon ní Bọ́mà, wọ́n kọ orúkọ àwọn tó kú sógun náà tí a kò mọ ibojì wọn sára òpó òkúta, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 27,000, àwọn ọmọ Áfíríkà sì wà lára wọn. Òkú rí orúkọ gbà, alààyè kò rí i. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run: bí a bá tẹ́ ọgọ́rùn-ún Ìràwọ̀ Bọ́mà sílẹ̀ lónìí, kò sí babaláwo tó lè sọ èyí tó jẹ́ ti ọmọ Ìjẹ̀bú tàbí ti ọmọ Ọ̀ffà. Àṣìṣe ni, mo sì gbà pé àṣìṣe ńlá ni, nítorí orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ, mélòó-mélòó idẹ.

Orúkọ ilẹ̀ Bọ́mà kúkú wà lẹ́nu wa tí a kò fura. Dodan Barracks ní Èkó, níbi tí àwọn ológun ti ṣe ìjọba Nàìjíríà fún ọdún pípẹ́. Arakan ní Apápá. Letmauk ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn: ojú ogun Bọ́mà ni gbogbo wọn, àwọn tó ti ibẹ̀ bọ̀ ló gbé orúkọ náà wálé.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí irin onígun mẹ́fà yìí wà nínú àpótí bàbá yín, kí ọmọ tí a kò kọ́ tó gbé e tà fún alágbẹ̀dẹ, ẹ mú ìwé, ẹ kọ orúkọ ẹni tó ni ín sí i, orúkọ baba rẹ̀, oríkì rẹ̀, ìlú rẹ̀ àti ẹgbẹ́ ogun tó bá lọ, kí ẹ sì dì í pọ̀ mọ́ ọn.