Ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù Nínú Àpótí

Bí ẹ bá sọ ìlẹ̀kẹ̀ kan sínú àpótí, tí ẹ sì dé e, ìlẹ̀kẹ̀ náà yóò jókòó jẹ́ẹ́. Bí ẹ bá mi àpótí náà díẹ̀, yóò yí díẹ̀. Bí ẹ bá mì í púpọ̀, yóò máa ta kiri. Kò sí ìwọ̀n eré tí kò lè sá. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù ni a sé mọ́ inú àpótí bíńtín, ọ̀rọ̀ yí padà. Kò lè jókòó jẹ́ẹ́ láéláé, bẹ́ẹ̀ ni kò lè ní irú agbára tí ó bá ṣáà ti wù ú.

Ní ọdún 1924, Louis de Broglie, ọmọ ilẹ̀ Faransé, sọ pé ohun gbogbo tí ń rìn ni ó ní ìgbì tirẹ̀, àti pé bí ohun náà bá ṣe ń sáré sí i ni ìgbì rẹ̀ ń kúrú sí i. Ní 1927, Davisson àti Germer ní Amẹ́ríkà ju ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù lu irin nickel, wọ́n sì rí i pé ó fọ́n ká bí ìgbì.

Ẹ wo okùn gìtá. A so ó ní ìdí méjèèjì, nítorí náà ìdí méjèèjì kò lè mì. Okùn náà lè mì ní abala kan, tàbí kí ó pín sí abala méjì tàbí mẹ́ta tí ó dọ́gba. Kò lè mì ní abala méjì ààbọ̀, àfi bí ibi tí a so ó bá ń jó! Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìgbì ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù rí láàárín ògiri méjì. Bí a bá pe agbára abala kan ní 1, ti abala méjì á jẹ́ 4, ti mẹ́ta á jẹ́ 9. Kò sí 2, kò sí 3, kò sí 7. Òdo ńkọ́? Bí agbára bá jẹ́ òdo, ìgbì náà á tẹ́ pẹrẹsẹ láti ògiri dé ògiri, ìtumọ̀ èyí sì ni pé kò sí nǹkan kan nínú àpótí.

Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọsẹ̀ jùlọ nìyí. Bí ìgbì bá pín sí abala méjì, ojú àárín gan-an kò mì. A lè bá ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù ní òsì, a lè bá a ní ọ̀tún, a kò lè bá a ní ojú àárín. Wọn a ní, “Ọ̀nà wo ni ó wá gbà kọjá?” Ìbéèrè ọlọgbọ́n ni, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ ni ó ṣì wà lọ́kàn ẹni tí ń béèrè. Kí a tó wò ó, kì í ṣe pé ó wà ní òsì tí ó sì fẹ́ kọjá sí ọ̀tún. Ìgbì kan ṣoṣo ni ó gba àpótí láti ìhín dé ọ̀hún. Níbi tí ìgbì náà bá ti lágbára ni ó ti ṣeé ṣe jù kí a bá a nígbà tí a bá wò. Kò rọrùn láti gbà lọ́kàn, èmi kò sì ní tàn yín pé ó rọrùn.

Nísisìyí, ẹ jẹ́ kí a dín gígùn àpótí kù sí ìdajì. Ìgbì náà yóò kúrú sí ìdajì, agbára rẹ̀ yóò sì di ìlọ́po mẹ́rin. Bí àyè bá ṣe ń há mọ́ ọn tó ni agbára rẹ̀ ń pọ̀ tó.

Ẹ má pè é ní àlọ́, ojú lásán ń rí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 sí 1989, Alexei Ekimov rí i nínú dígí ní ilẹ̀ Soviet, Louis Brus sì rí i nínú omi kẹ́míkà ní Amẹ́ríkà, pé ẹ̀rún ohun kan náà ń pa àwọ̀ dà bí ó ti tóbi tàbí kéré sí. Ní 1993, Moungi Bawendi rí ọ̀nà láti ṣe àwọn ẹ̀rún náà kí wọ́n dọ́gba dáadáa. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísírì ní 2023. Ẹ pín mìlímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan: ẹ̀rún cadmium selenide tí ó fẹ̀ tó nǹkan bí mẹ́fà nínú rẹ̀ a máa tan ìmọ́lẹ̀ pupa, èyí tí ó fẹ̀ tó nǹkan bí méjì a máa tan búlúù, nítorí agbára ìmọ́lẹ̀ búlúù ju ti pupa lọ. A kò rẹ ẹ́ ní aró. Àpótí ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù ni ó há sí i. Irú ẹ̀rún bẹ́ẹ̀ wà nínú àwọn tẹlifíṣọ̀n kan lónìí, níbi tí àwọn tí ó tóbi díẹ̀ ti ń mú pupa jáde, tí àwọn kékeré sì ń mú àwọ̀ ewé wá.