Ìdí Tí Èèpo Pákó Fi Ń Tètè Jẹrà Lára Ògiri

Ní ilé ìlagi, yálà ní Ìjerò, ní Arámọkọ tàbí ní Ẹfọ̀n Aláayè, òkìtì èèpo pákó kì í wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Òun ni apá ìta ìtì igi tí ayùn kọ́kọ́ ń gé kúrò kí ó tó kan pákó gidi: ojú kan tẹ́, ojú kejì ṣì gbé èèpo igi dání. Nítorí pé owó rẹ̀ kéré, òun la fi ń kan ògiri ahéré, ilé adìẹ, ìsọ̀ ọjà àti ọgbà. Kì í pẹ́ tí yóò fi jẹrà, a ó sì ní pákó ò ṣeé fi ṣe ara ilé. Igi kọ́ ló jẹ̀bi.

Abẹ́ èèpo igi ni ara funfun rẹ̀ wà. Ibẹ̀ ni omi ń gbà gòkè, ibẹ̀ náà ni igi ń tọ́jú oúnjẹ rẹ̀ sí, ohun tí kòkòrò ń wá sì nìyẹn. Àárín igi yàtọ̀. Nínú ìrókò àti apá, àárín a máa pọ́n, oró tí ikán kórìíra a sì wà nínú rẹ̀. Ìrókò tí a ń yìn, àárín rẹ̀ là ń yìn. Ikán ń jẹ ara funfun rẹ̀ bí ó ṣe ń jẹ igi yòókù. Ní ti arère, funfun ni látìta dé inú, kò sí ibi tó le níbẹ̀. Èèpo pákó sì rèé, ara funfun ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èèpo tó bò ó tún dá kún ìṣòro: omi òjò á wọ abẹ́ rẹ̀, kò ní í tètè gbẹ, kòkòrò á sì fi ibẹ̀ ṣe ilé títí igi á fi di lẹ́búlẹ́bú.

Síbẹ̀, àwọn kan ń fi èèpo igi bo ara ilé, ó sì ń pẹ́. Ní Linville, ìpínlẹ̀ North Carolina ní Amẹ́ríkà, Henry Bacon, ẹni tó ya àwòrán ilé ìrántí Lincoln ní Washington, lo èèpo igi chestnut lára àwọn ilé tó ṣe níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àrùn kan tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní New York ní ọdún 1904 pa igi chestnut run, wọ́n sì yíjú sí igi tí wọ́n ń pè ní tulip poplar. Wọ́n á bó èèpo náà kúrò lára igi tí wọ́n ti gé lulẹ̀, ní àsìkò tí oje ń ṣàn tí èèpo kò lẹ̀ mọ́ igi. Wọ́n á tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, wọ́n á gbé ẹrù lé e kó má baà ká, wọ́n á sì fi ooru mú un gbẹ kí kòkòrò inú rẹ̀ lè kú. Ẹ kíyè sí i pé èèpo nìkan ni wọ́n ń kàn mọ́ ara ilé, tí pákó náà sì dá wà. Àwa ń kan méjèèjì pọ̀ ní tútù. Ibẹ̀ ni àṣìṣe wa wà.

Nítorí náà, ẹ bó èèpo igi náà dànù lọ́jọ́ tí ẹ bá ra èèpo pákó, nígbà tó ṣì rọrùn láti bó. Ẹ to pákó náà sí abẹ́ páànù, kí ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín wọn kí atẹ́gùn lè máa kọjá, títí yóò fi gbẹ dáadáa. Ẹ fi Solignum, oògùn tí ń lé kòkòrò igi, kùn ún kí ẹ tó kàn án. Ọ́ìlì mọ́tò tí wọ́n ti lò, tí ọ̀pọ̀ ń kùn sára igi, ní májèlé, iná sì lè ràn án. N kò fọwọ́ sí i níbi tí ènìyàn tàbí adìẹ bá ń sùn.

Inú ilẹ̀ ni ikán ti ń wá. Ẹ gbé ìdí ògiri lé búlọ́ọ̀kù, kí pákó má fara kan ilẹ̀ rárá, kí omi òjò tó ń ta sókè má sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni òrùlé. Agbọ́nbíọ̀fẹ́, agbẹ́gilére ará Ẹfọ̀n Aláayè tó kú ní ọdún 1945, gbẹ́ àwọn òpó fún ààfin Aláayè, ọba ìlú náà. Abẹ́ òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ipò wọn, níbi tí òjò kì í ti í nà wọ́n tààrà. Ẹni tó bá fẹ́ kí ògiri pákó pẹ́ ní ilẹ̀ Èkìtì, níbi tí òjò ti ń rọ̀ láti nǹkan bí oṣù kẹta di oṣù kẹwàá, kí ó jẹ́ kí páànù rẹ̀ yọ síta dáadáa kọjá ògiri. Ẹ má fi owó páànù ṣe ahun.