Ọ̀nà Ọkàn Ìfẹ́: Ìrìn Ọjọ́ Kan ní Apia

Ọ̀pọ̀ àlejò tí ó bá gúnlẹ̀ sí Apia, olú-ìlú Samoa ní àárín Òkun Pasífíìkì, ibi ìwẹ̀ ni wọ́n a kọ́kọ́ béèrè. Àwa kò bá wọn wí, nítorí ooru ibẹ̀ kò kéré. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan nínú àwọn olùkàwé wa bá ní ọjọ́ kan ṣoṣo níbẹ̀, ìmọ̀ràn wa ni pé kí ó kọ́ gun òkè ná, kí ó tó lọ wẹ̀.

Vaea ni orúkọ òkè náà, lẹ́yìn ìlú ni ó wà. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni Vailima, ilé tí Robert Louis Stevenson, òǹkọ̀wé ará Scotland, kọ́ sí orí ilẹ̀ tí ó rà ní 1890. Àìlera ni ó lé e kúrò nínú òtútù ilẹ̀ rẹ̀. Àwọn ará Samoa sọ ọ́ ní Tusitala, èyíinì ni òǹkọ̀wé ìtàn. Láti 1994 ni ilé náà ti di ilé ìrántí, àlejò sì lè wọlé wò ó. Ẹ óò rí ibi ìyáná nínú rẹ̀, ní ilẹ̀ tí kò mọ òtútù! Àárò ilé ni, lójú tiwa.

Ní 1893, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwọn ìjòyè Samoa. A ṣẹ́gun Mataafa, a sì ju ọ̀pọ̀ ìjòyè tí ó tẹ̀lé e sínú ẹ̀wọ̀n ní Apia. Stevenson a máa bẹ̀ wọ́n wò, a sì máa gbé oúnjẹ àti tábà lọ fún wọn. Nígbà tí a tú wọn sílẹ̀ ní 1894, wọ́n kó àwọn ènìyàn wọn wá, wọ́n sì la ọ̀nà wọ ilé rẹ̀. Wọn kò gba owó ọ̀yà. Orúkọ tí wọ́n fún ọ̀nà náà ni Ala Loto Alofa, Ọ̀nà Ọkàn Ìfẹ́.

Oṣù kẹwàá ni iṣẹ́ náà parí. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kejìlá, Stevenson kú lójijì, ẹni ọdún 44. Ó ti wí pé orí Vaea ni kí a sin òun sí, bẹ́ẹ̀ ni igbó dídí ni ó bo gbogbo òkè náà. Àwọn ará Samoa mú àdá àti àáké, wọ́n gé ọ̀nà gòkè, wọ́n sì fi èjìká gbé òkú rẹ̀ dé òkè téńté ní ọjọ́ kejì.

Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni ó wà lónìí: ọ̀kan kúrú ṣùgbọ́n ó le, èkejì gùn, ó sì rọrùn. Kí a lọ ní kùtùkùtù, nítorí bí òjò bá rọ̀, ilẹ̀ a máa yọ̀. Lára ibojì náà, a fi idẹ kọ ọ̀rọ̀ tí Rutu sọ fún Naomi, ní èdè Samoa. Fanny, ìyàwó Stevenson, kú ní Amẹ́ríkà ní 1914. Ní ọdún kejì a gbé eérú rẹ̀ wá síbẹ̀.

Láti òkè yìí ni kí a ti wo èbúté. Níbẹ̀ ni ìjì ti mú ọkọ̀ ogun mẹ́fà ti Jámánì àti Amẹ́ríkà ní oṣù kẹta 1889, nígbà tí wọ́n ń ṣọ́ ara wọn nítorí erékùṣù náà. Ọkọ̀ Calliope ti Gẹ̀ẹ́sì ni ó jà jáde sí ojú òkun. Níbẹ̀ náà ni ọkọ̀ Talune gúnlẹ̀ sí ní ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá 1918, tòun ti àwọn aláìsàn, tí àwọn aláṣẹ New Zealand sì jẹ́ kí èrò sọ̀kalẹ̀. Ọ̀fìnkìn líle, èyí tí ó ba Èkó jẹ́ pẹ̀lú ní ọdún náà, pa tó ènìyàn 8,500, bí ẹnìkan nínú márùn-ún. Ní Samoa ti Amẹ́ríkà, nítòsí gan-an, gómìnà ti èbúté pa. Ẹnikẹ́ni kò kú. Ní 2002 ni olórí ìjọba New Zealand, Helen Clark, wá sí Apia láti tọrọ àforíjì.

Nísinsin yìí, kí àlejò wa lọ wẹ̀. Ní Papaseea, omi ti mú àpáta dán. A ó jókòó lé e, a ó sì yọ̀ wọ inú odò gẹ́gẹ́ bí ọmọdé. Ní Piula, níhà ìlà-oòrùn, omi tútù kan wà nínú ihò àpáta lábẹ́ ilé-ìsìn ilé-ẹ̀kọ́ àwọn Mẹ́tọ́díìsì, létí òkun gan-an. Ọkọ̀ èrò onípákó ni ó ń lọ síbẹ̀. Bí ó bá kún, orí itan ẹlòmíràn ni a ń jókòó sí, kò sì sí ẹni tí ń bínú. Kí a mú owó díẹ̀ lọ́wọ́, nítorí etí òkun kì í ṣe ilẹ̀ aláìlólúwa: ti abúlé ni.

Bí a bá ń padà bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tí a sì gbọ́ agogo tàbí ìkarahun òkun tí a ń fun ní abúlé, àkókò àdúrà agbo-ilé ni. Kí àlejò dúró níbi tí ó wà, kí ó má ṣe rìn láàrin ìlú, títí yóò fi tún dún.