Lẹ́tà Mẹ́rin, Ọgbọ̀n Ojú: Ibi Tí DNA àti Kóòdù Kọ̀ǹpútà Ti Pínyà

Ní ọdún 1999, níbi àjọ̀dún Ars Electronica ní ìlú Linz, orílẹ̀-èdè Austria, Eduardo Kac, oníṣẹ́ ọnà ọmọ bíbí Rio de Janeiro, pàtẹ iṣẹ́ kan tó pè ní Genesis. Kò kun ọ̀dà, kò gbẹ́ ère. Ẹsẹ Bíbélì kan ló mú lédè Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó fún ènìyàn ní àṣẹ lórí ẹja inú òkun, ẹyẹ ojú ọ̀run àti gbogbo ohun alààyè tó ń rìn lórí ilẹ̀. Ó sọ ọ́ di àmì Morse tí wọ́n fi ń tẹ wáyà láyé àtijọ́, ó wá fi lẹ́tà DNA rọ́pò àmì wọ̀nyẹn: ìlà di T, àmì róbótó di C, àlàfo àárín ọ̀rọ̀ di A, àlàfo àárín lẹ́tà di G. Wọ́n ṣe DNA náà ní yàrá ìwádìí, wọ́n sì fi í sínú bakitéríà alààyè.

Ẹni tó bá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbikíbi tó wù kó wà, lè tan iná ultraviolet sí bakitéríà náà, irú ìtànṣán tó máa ń yí lẹ́tà DNA padà. Nígbà tí àfihàn parí, wọ́n tún ẹsẹ náà kà. Ọ̀rọ̀ náà “man”, ènìyàn gan-an tí wọ́n gbé àṣẹ lé lọ́wọ́, ti di “aan”. Lẹ́tà T kan ṣoṣo ló di C.

Kì í ṣe Kac ló bẹ̀rẹ̀ fífi ohun inú sẹ́ẹ̀lì wé ìwé. Ní 1943, ní Dublin, Erwin Schrödinger, onímọ̀ físíìsì, ti sọ nínú àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó ṣe pé ohun kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì tó dà bí ìwé tí wọ́n fi àmì àṣírí kọ. Ó tó ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà kí àwọn onímọ̀ Watson àti Crick tó fi bí DNA ṣe rí han ayé. Ní 1961, Marshall Nirenberg àti Heinrich Matthaei ka ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú ìwé náà. Lẹ́tà mẹ́rin ló wà, A, C, G àti T. Sẹ́ẹ̀lì ń kà wọ́n ní mẹ́ta-mẹ́ta, ọ̀rọ̀ 64 ló sì wà. Púpọ̀ nínú wọn ń sọ èròjà tí sẹ́ẹ̀lì yóò fi kọ́ purotéènì, mẹ́ta ń sọ pé ó tó, dúró níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní 0 àti 1. Lẹ́tà DNA kan tó àmì kọ̀ǹpútà méjì. Gbogbo lẹ́tà inú ènìyàn, bíi bílíọ̀nù mẹ́ta, kò lè kún fláàṣì kékeré tí wọ́n ń tà létí títì.

Tó bá jẹ́ ti ìkópamọ́ nìkan, kò sí àríyànjiyàn. Ní 2017, àwọn onímọ̀ ní Harvard kó àwòrán ẹṣin tó ń sáré, èyí tí Eadweard Muybridge yà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, sínú bakitéríà alààyè, wọ́n sì tún un kà jáde, ẹṣin náà ṣì ń sáré.

Àmọ́ kíkà lẹ́tà yàtọ̀ sí kíka ènìyàn. Ibẹ̀ ni ìjà wà. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ àti sẹ́ẹ̀lì ojú ní DNA kan náà, síbẹ̀ ọ̀kan ń sẹ́ èérí inú ẹ̀jẹ̀, èkejì ń ríran. Ìbejì tó jáde láti inú ẹyin kan ṣoṣo pín DNA, ṣùgbọ́n ìtẹ̀ka wọn kò bára mu, ìyá wọn kì í sì í pe Táíwò ní Kẹ́hìndé. Gíga lásán, ibi tó lé ní 12,000 nínú DNA ni àwọn onímọ̀ ti rí pé ó lọ́wọ́ sí i, ká má tíì sọ oúnjẹ àti àìsàn ìgbà èwe.

Oníṣẹ́ ọnà tó gbé ọ̀rọ̀ yìí karí jù lọ lójú tèmi ni Heather Dewey-Hagborg. Ní 2012, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ṣíngọ́ọ̀mù tí wọ́n jẹ sọnù, àjókù sìgá àti irun nílẹ̀ ní New York. Ó yọ DNA inú wọn, ó fi kọ̀ǹpútà ro irú ojú tí àwọn tó ni wọ́n lè ní, ó sì tẹ ojú náà jáde bí ère, ó gbé e kọ́ sára ògiri. Ẹ̀rù ba àwọn èèyàn, ó sì yẹ kó bà wọ́n. Láìpẹ́, ilé-iṣẹ́ Parabon ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ta irú ojú bẹ́ẹ̀ fún ọlọ́pàá.

Dewey-Hagborg wá ṣe ohun tó jẹ́ èsì sí irú òwò bẹ́ẹ̀. Chelsea Manning, ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó tú àṣírí ìjọba síta, fi irun orí rẹ̀ àti ohun tí wọ́n fi nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí i láti ẹ̀wọ̀n. Láti inú DNA ẹnì kan ṣoṣo yìí, Dewey-Hagborg ṣe ọgbọ̀n ojú, ó so wọ́n rọ̀ ní New York ní 2017. Ọkùnrin wà nínú wọn, obìnrin wà nínú wọn. Àwọ̀ wọn kò rí bákan náà, imú wọn kò rí bákan náà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí DNA náà lè sọ pé kì í ṣe ojú Manning.

Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ọlọ́pàá ìlú Edmonton ní Kánádà tí wọ́n ń wá ẹni tó fipá bá obìnrin kan lò gbé àwòrán ojú kan tí Parabon ṣe sórí íntánẹ́ẹ̀tì: ojú ọ̀dọ́kùnrin aláwọ̀ dúdú kan, tó lè jẹ́ ojú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́kùnrin aláwọ̀ dúdú. Ariwo sọ káàkiri. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n yọ àwòrán náà kúrò, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá wọn sì tọrọ àforíjì.